Àánú Tí Ó Ní Ìmọ̀

Òkun jìnnà sí Ẹdẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1998, páìpù epo Mobil láti Idoho bẹ́ nínú òkun Akwa Ibom. Nǹkan bí àgbá epo rọ̀bì 40,000 ló dà sómi, ó sì ṣàn títí dé etíkun Èkó.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, àwọn apẹja la kọ́kọ́ ń káàánú, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ omi ńkọ́? Ǹjẹ́ ó yẹ kí Kristẹni ṣe wàhálà nítorí ẹyẹ nígbà tí ebi ń pa ènìyàn? Olúwa wa kọ́ wa pé Baba kò gbàgbé ológoṣẹ́ kankan. Àwọn àgbà náà ní, igi tí a bá fẹ́ fi gún ọmọ ẹyẹ, kí a kọ́kọ́ fi gún ara wa wò. Àánú ẹyẹ kò dín àánú ènìyàn kù. Ọkàn kan náà ni méjèèjì ti ń jáde.

Ṣùgbọ́n àánú nìkan kò tó. Ìyẹ́ ni aṣọ òtútù ẹyẹ. Bí epo bá lẹ̀ mọ́ ọn, omi á wọlé, òtútù á mú un. Bí ó ti ń fi ẹnu tún ìyẹ́ ṣe, á máa gbé epo mì, májèlé sì ni. Ẹni tí ó bá sáré fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lè fi inú rere pa á. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ móoru, kó sinmi, kó ní okun, kí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà tó wẹ̀ ẹ́.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2000, ọkọ̀ Treasure rì nítòsí Cape Town ní South Africa. Epo bo pẹ́ńgúìnì bí 19,000. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn yọ̀ǹda ara wọn: àwọn kan ń fọ ẹyẹ, àwọn kan ń fún wọn ní ẹja, àwọn kan ń tún ibùgbé wọn ṣe, gbogbo wọn lábẹ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹyẹ náà ló yè.

Nítorí náà, ẹ má lé ẹyẹ padà sómi, ẹ má fọ̀ ọ́ nílé. Ẹni tí yóò gbé e, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó ṣọ́ àgógó rẹ̀, kó gbé e sínú páálí tí ó ní ihò, níbi tí ó móoru tí ó sì parọ́rọ́. Kí aboyún àti ọmọdé jìnnà sí epo náà. Ẹ fi tó àjọ NOSDRA létí, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2006 fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó bá jẹ́ tánkà bẹntiróòlù ló ṣubú lọ́nà, ẹ sá jìnnà. Iná kì í mọ aláàánú.

Ẹ rántí ará Samáríà. Ó ṣe ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe lójú ọ̀nà, lẹ́yìn náà ó fi ọkùnrin náà lé onílé èrò lọ́wọ́, ó sì san owó. Fífi iṣẹ́ lé ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Ara àánú ni. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọkàn àánú àti ọwọ́ sùúrù. Àmín.