Ìgboyà àti Ìtìjú Nínú Òwò

Àwọn àgbà a máa béèrè pé, bí a bá fi ogún ọdún pilẹ̀ wèrè, ọjọ́ wo ni a ó wá bu ènìyàn jẹ? Ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa àwọn ọmọdé nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Èmi pẹ̀lú rẹ́rìn-ín nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó mi ní alẹ́ ọjọ́ kan, n kò sì lè rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí pé èmi gan-an ni ó ń bá wí.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni èyí: kí ni ó máa ń dí ènìyàn lọ́wọ́ láti ṣe òwò tí ó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́? Bí ẹ bá bi àwọn ènìyàn léèrè, púpọ̀ nínú wọn yóò dáhùn pé owó ni. Ìdáhùn náà kì í ṣe irọ́, nítorí pé ọwọ́ òfìfo kò lè ra àpò fùláwà. Síbẹ̀, mo ti rí olówó tí kò bẹ̀rẹ̀, mo sì ti rí ẹni tí ó fi agbọ̀n kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀.

Òwò búrẹ́dì ni ó wà lọ́kàn tèmi. Ní 1981 ni mo gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ni, tí a sì rán mi lọ sí ìletò kan tí ó jẹ́ pé ọjọ́ ọjà nìkan ni búrẹ́dì ń dé ibẹ̀. Láti ìlú ni wọ́n ti ń kó o wá. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti le koko, síbẹ̀ àwọn ènìyàn a máa du ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo kọ iye owó bíríkì tí a ó fi mọ ààrò sínú rẹ̀, àti ti igi ìdáná, ti fùláwà, ti ṣúgà, ti iyọ̀ àti ti ìwúkàrà. Nígbàkúùgbà tí ọjà bá gbówó lé e, èmi a tún ìṣirò mi ṣe. Mo di ògbóǹtagí nínú ìṣirò búrẹ́dì tí ẹnikẹ́ni kò jẹ rí.

Ní 1987, ìjọba ológun ìgbà náà fi òfin de kíkó àlìkámà wọ Nàìjíríà láti òkè òkun. Fùláwà di ọ̀wọ́n, búrẹ́dì di oúnjẹ olówó, ọ̀pọ̀ ilé búrẹ́dì sì ti ilẹ̀kùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé n kò tíì bẹ̀rẹ̀, mo sì ń ṣe bí ọlọgbọ́n láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ní 1992 ìjọba mú òfin náà kúrò. Kí ni mo ṣe? Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun. Ọdún náà ni ó yẹ kí n ti mọ̀ pé kì í ṣe àlìkámà ni ó dí mi lọ́wọ́.

Ìtìjú ni. Ní ìletò yẹn, tíṣà ni wọ́n ń pè láti ka lẹ́tà fún wọn, tíṣà ni wọ́n ń pè láti parí ìjà, wọn a sì nu àga kí n tó jókòó lé e. Mo máa ń rí ara mi lójú inú, tí fùláwà bo orí mi, tí mo gbé agbọ̀n búrẹ́dì lọ sí gáréèjì, tí àwọn òbí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi sì ń wò mí. Ìran yìí ń bà mí lẹ́rù ju àdánù lọ. Bí owó bá ṣòfò, ènìyàn lè sunkún nínú yàrá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibo ni yóò fi ojú rẹ̀ pamọ́ sí láàárín ọjà?

Ó dùn mí láti jẹ́wọ́ pé àwa olùkọ́ wà lára àwọn tí ó gbin ìtìjú yìí sọ́kàn àwọn ọmọ. Ìgbà mélòó ni mo ti wí fún ọmọ tí kò mọ ìwé rẹ̀ pé àkàrà ni yóò máa tà! Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ìyá tí ń ta àkàrà ni ó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin kan tí ó ṣáájú wa nínú òwò búrẹ́dì ní ilẹ̀ yìí. Ní 1913, Amos Shackleford, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà, wá sí Nàìjíríà láti ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ rélùwéè. Ní ayé ìgbà náà, ipò akọ̀wé kì í ṣe ohun kékeré; ọmọ tí ó bá dé ibẹ̀, gbogbo ẹbí rẹ̀ ni yóò máa fi í yangàn. Ṣùgbọ́n ní 1921, ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó. Òun ni a mọ̀ sí ẹni tí ó mú ẹ̀rọ kan wọ orílẹ̀-èdè yìí, èyí tí ń fi irin róbótó méjì tẹ fùláwà pípò léraléra títí yóò fi jọ̀lọ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú kí búrẹ́dì Agége ki, kí ó sì rọ̀, títí di òní olónìí. Nígbà tí ó yá, ọba búrẹ́dì ni wọ́n ń pè é. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún mẹ́jọ ni ó wà láàárín ọjọ́ tí ó dé àti ọjọ́ tí ó dá iná ààrò rẹ̀. Èmi lo ọdún mẹ́tàdínlógójì.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé gbogbo ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù ni ojo. Ẹlẹgbẹ́ mi kan wà tí ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí ó fi ilẹ̀ ìyá rẹ̀ ṣe ìdúró, tí ó sì ra ọkọ̀ akérò láìbi awakọ̀ kankan léèrè ọ̀rọ̀. Ọkọ̀ náà kò lò tó oṣù mẹ́fà kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó kú. Ọmọ rẹ̀ méjì ni ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ọdún náà. Àwọn kan ń pè é ní akíkanjú. Èmi kò pè é bẹ́ẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ohun tirẹ̀ nìkan ni ó fi ta tẹ́tẹ́.

Báwo ni a ó wá ṣe mọ ẹ̀rù tí ó jẹ́ ọgbọ́n yàtọ̀ sí ẹ̀rù tí ó jẹ́ ojo? Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹ̀rù ọlọgbọ́n a máa béèrè, a sì máa dúró gbọ́ èsì. Yóò béèrè pé: èló ni ó lè ṣòfò? Owó ta ni? Ta ni ebi yóò pa bí ó bá ṣòfò? Bí èsì bá ti dé, yóò dìde. Ẹ̀rù ojo náà a máa béèrè, bóyá ju ti ọlọgbọ́n lọ pàápàá, ṣùgbọ́n bí èsì bá ti ń bọ̀ ni yóò ti wá ìbéèrè mìíràn. Ìwé àkọsílẹ̀ mi mẹ́rin ni ó kún fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ní alẹ́ tí ìyàwó mi pa òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ó fi kún un pé, “Baálé mi, ìwé yín ti kún. Ẹ jẹ́ kí n rí búrẹ́dì.”

N kò dúró de owó ìfẹ̀yìntì, n kò sì yá owó. Mo lọ bá bàbá oníbúrẹ́dì kan, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n máa lo ààrò rẹ̀ ní alẹ́ Sátidé, nígbà tí òun kì í ṣiṣẹ́. Àpò fùláwà kan ni mo rà nínú owó oṣù mi, mo sì pinnu pé bí àpò mẹ́ta bá ṣòfò, n ó jáwọ́. Ní alẹ́ kìn-ín-ní, ààrò gbóná jù. Ẹ̀yìn búrẹ́dì jó, inú rẹ̀ kò sì jinná. Àwọn ewúrẹ́ àdúgbò ni ó jẹ èrè ọjọ́ náà. Bàbá yìí rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ó kọ́ mi láti fọ́n fùláwà díẹ̀ sí ilẹ̀ ààrò, kí n wo bí yóò ti yára pọ́n tó, kí n tó ki búrẹ́dì bọ inú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ tí ó yẹ kí ó bá mi gbé búrẹ́dì kò wá. Mo dúró ti agbọ̀n náà títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́. Nígbà tí ó yá, mo ká òṣùká, mo gbé agbọ̀n rù, mo sì mú ọ̀nà gáréèjì pọ̀n. N kò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ tí mo kọ́ ní ìwé ni, ó ti di ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ ìjọba. Ohun tí mo ti ń sá fún láti ìgbà èwe mi nìyí, ó sì bá mi tèmi ti agbọ̀n lórí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ agbọ̀n náà kalẹ̀ lórí mi, ó gbé e sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì béèrè iye tí mo ń tà á. Ó ra mẹ́rin. Bí a ti ń lọ, ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, “Ọ̀gá, èmi náà ní òwò kan lọ́kàn, ó ti di ọdún mẹ́sàn-án. Ojú ni ó ń tì mí, nítorí ipò mi.”

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, mo sì ní ààrò tèmi. N kò di ọlọ́rọ̀. Ènìyàn mẹ́ta ni ó ń bá mi ṣiṣẹ́, nítorí pé apá mi kò lè pò fùláwà mọ́; agbára tí ó yẹ kí n fi ṣe é ni mo lò tán nídìí ìwé àkọsílẹ̀, èyí sì ń dùn mí títí di òní. Ní òwúrọ̀ àná, iná kò tètè ràn, búrẹ́dì sì pẹ́. Àwọn obìnrin tí ń rà á lọ tà ti tò sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn, tí kò mọ̀ pé mo ti ṣe olùkọ́ àgbà rí, wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Bàbá Oníbúrẹ́dì, ẹ ti dá wa dúró jù o.” Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ka tirẹ̀ fún un.