Nígbà Tí Ojú Bá Ti Akọrin

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí, ti àwọn tí ń kọrin àti àwọn tí ń tẹ dùùrù nínú ìjọ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ akọrin má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá, nítorí ó ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀, a ó sì dé orí rẹ̀.

Bóyá ni ìjọ kan wà tí kò ní irú arábìnrin yìí: ohùn rẹ̀ dùn, ó mọ orin, ó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin, lójijì a kò rí i níbẹ̀ mọ́. Bí a bá bi í, yóò ní iṣẹ́ ni kò jẹ́, tàbí pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Àwọn tí ó sún mọ́ ọn mọ̀ pé láti ọjọ́ ìkórè tí ó dá orin, tí ohùn rẹ̀ sì já láàárín ìjọ, ni kò ti padà. Ohun tí ojú akọrin máa ń rí kò lópin. Ẹnìkan á dá orin sókè jù, nígbà tí ó bá fi dé ìlà kẹta, kò ní sí ẹni tí ó lè bá a gùn ún mọ́. Òmíràn á rò pé orin ku ẹsẹ kan, á tẹ dùùrù wọ inú ìdákẹ́jẹ́ nígbà tí gbogbo ìjọ ti jókòó. Àwọn ọmọdé lè ti fọwọ́ kan bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, kí atẹdùùrù má sì mọ̀, kí ohùn tí yóò jáde má sì jẹ́ èyí tí ìka rẹ̀ tẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni irú ọ̀rọ̀ báyìí máa ń parí sí. Lónìí, ẹnìkan ti fi fóònù ká a sílẹ̀, kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò wá sí ìsìn rárá.

Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyí: arábìnrin tí ó fi orin sílẹ̀ nítorí ìtìjú, ṣé ìrẹ̀lẹ̀ ni ó ṣe? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọn á ní ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, kò fẹ́ ba ìsìn jẹ́. Àwọn bàbá wa pàápàá wí pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí irú ẹni tí a máa ń pa òwe yẹn fún. Jagunjagun ni, tàbí ìjòyè, ẹni tí yóò ba orúkọ ilé rẹ̀ jẹ́ bí ó bá sá lójú ogun. Kì í ṣe ẹni tí ohùn rẹ̀ já nínú orin. Òwe mìíràn wà tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu jù ú lọ: bí ẹṣin bá dá ni, a tún un gùn ni.

Síbẹ̀, a kò fẹ́ fi òwe kan lu òwe kejì kí a sì máa bá tiwa lọ. Ìtìjú kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Ẹ wo bí èdè wa ti sọ ọ́: ojú ni ó ń ti ènìyàn. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa ni pé, ojú ta ni a ń wò tí ojú fi ń tì wá?

Ìwé Kíróníkà Kìíní, orí kẹtàlá àti orí kẹẹ̀ẹ́dógún, lè ràn wá lọ́wọ́. A máa ń ka ìtàn àpótí ẹ̀rí gẹ́gẹ́ bí ìtàn Úsà, a sì máa ń gbàgbé pé ìtàn àwọn akọrin ni pẹ̀lú. Nígbà àkọ́kọ́ tí Dáfídì lọ gbé àpótí náà, orin wà níbẹ̀, dùùrù, ìlù, kíńbálì àti ipè wà níbẹ̀, gbogbo agbára wọn ni wọ́n sì fi ṣe é. Àárín ayọ̀ yẹn gan-an ni màlúù ti kọsẹ̀, tí Úsà na ọwọ́ sí àpótí náà, tí ó sì kú. Ẹ ronú nípa àwọn akọrin tí ó wà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Ta ni ó kọ́kọ́ gbé ipè kúrò lẹ́nu? Báwo ni wọ́n ṣe rìn padà sílé? Ẹ̀rù ba Dáfídì, wọ́n gbé àpótí náà yà sí ilé Obedi-Edomu, oṣù mẹ́ta ni ó sì lò níbẹ̀.

Dáfídì kò sọ pé òun kò ní gbé e mọ́. Kò sì pa orin tì. Ó wá ohun tí wọ́n ṣe tí kò tọ́, ó rí i pé èjìká àwọn ọmọ Léfì ni ó yẹ kí àpótí náà wà, kì í ṣe orí kẹ̀kẹ́, ó sì tún un ṣe. Ó ní kí àwọn olórí ọmọ Léfì yan akọrin láàárín àwọn arákùnrin wọn. Kenania ni ó ń kọ́ wọn lórin, ìdí tí Bíbélì sì fún wa ni pé ó mọ iṣẹ́ náà. (Kì í ṣe nítorí pé òun ni ó dàgbà jù, tàbí pé ìdílé rẹ̀ ni ó ra aṣọ fún ẹgbẹ́ akọrin. Ó dára kí a sọ èyí sókè díẹ̀.) Nínú ìrìn-àjò ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni Míkálì yọjú lójú fèrèsé, tí ó rí Dáfídì bí ó ti ń jó, tí ó sì kẹ́gàn rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Nínú Sámúẹ́lì Kejì, orí kẹfà, ó tilẹ̀ jáde lọ pàdé rẹ̀ láti sọ ọ́ sí i lójú. Dáfídì dá a lóhùn pé iwájú Olúwa ni òun ti ṣe é, àti pé òun ṣì máa rẹ ara òun sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkùnrin kan náà ni, àpótí kan náà ni. Nígbà àkọ́kọ́, ó dúró, ó ronú, ó yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Nígbà kejì, kò yí ohun kan padà. Kì í ṣe pé ó ti di aláìnítìjú. Nígbà àkọ́kọ́, nǹkan kan wà tí ó yẹ kí a tún ṣe níwájú Ọlọ́run; nígbà kejì, ojú Míkálì nìkan ni ó wà níbẹ̀.

Bí ohùn akọrin bá wá já, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ohun kan wà láti tún ṣe. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó wà. Ẹni tí ó dá orin sókè jù kò dúró gbọ́ ohùn àkọ́kọ́ láti inú dùùrù. Ti ẹni tí ohùn rẹ̀ já lè jẹ́ pé èémí ni ó tán. Ẹ̀rù máa ń lé èémí wá sí òkè àyà, ẹnu á gbẹ, ọ̀fun á fún, ọwọ́ á làágùn. Èyí kò túmọ̀ sí pé kò sí ẹ̀bùn. Bí ara ènìyàn ti rí nìyẹn, àwọn tí wọ́n ti ń kọrin láti ogójì ọdún ṣì mọ̀ ọ́n lára. Kí a mí kanlẹ̀ dé ikùn, kí a máa jẹ́ kí èémí jáde díẹ̀díẹ̀, kí a mu omi díẹ̀ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, kí a mọ ìlà àkọ́kọ́ sórí débi tí a kò ní wo ìwé: ìwọ̀nyí á ṣe akọrin láǹfààní ju kí a kàn máa sọ fún un pé kí ó má bẹ̀rù. Bí a bá ti tún èyí tí ó ṣeé tún ṣe ṣe tán, ti Míkálì ni èyí tí ó kù.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti korò, a kò sì ní fò ó. Àwọn kan wà tí wọ́n ti gbìyànjú fún ọdún púpọ̀ tí etí wọn kò sì gba ohùn orin. Iyèméjì tí irú arábìnrin bẹ́ẹ̀ ní nípa ara rẹ̀ lè jẹ́ òtítọ́, ìyìn èké kò sì lè wò ó sàn. Kí olórí akọrin pè é sí ìkọ̀kọ̀, kí ó bá a sọ ọ́ bí ọmọ ìyá. Ti àwọn ìyá tí ohùn wọn ti wálẹ̀ nítorí ọjọ́ orí yàtọ̀ sí èyí. Ohùn òkè tí wọ́n ń kọ láti ìgbà ọ̀dọ́ kò gbà fún wọn mọ́, ṣùgbọ́n ojú ń tì wọ́n láti lọ jókòó sọ́dọ̀ àwọn tí ń kọ áótò, bí ẹni pé ìjákulẹ̀ ni. Orin tí kò ní áótò mà máa ń ṣófo lábẹ́.

Ìtìjú akọrin kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé inú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ní 1761, John Wesley tẹ ìtọ́ni nípa orin kíkọ jáde nínú ìwé orin kan. Ó rọ àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe bẹ̀rù ohùn ara wọn, kí ojú má sì tì wọ́n kí a gbọ́ ọ, nígbà tí ojú kò tì wọ́n láti kọ orin Sátánì tẹ́lẹ̀ rí. Kò dúró síbẹ̀. Ó tún kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pariwo kí a lè gbọ́ tirẹ̀ yọ láàárín ìjọ. A ti rò ó títí, a sì gbà pé àìsàn kan náà ni ó ń tọ́jú. Ẹni tí ojú ń tì àti ẹni tí ń pariwo, àwọn tí ń gbọ́ ni àwọn méjèèjì ń wò.

Iyèméjì kan tún wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá akọrin, pàápàá bí ọ̀dọ́ kan tí ó kàwé orin bá wọ ẹgbẹ́: "Èmi kò mọ àmì orin, sọ́fà nìkan ni mo mọ̀." Ó yẹ kí wọ́n mọ ibi tí sọ́fà ti ṣẹ̀. Ọwọ́ obìnrin ni. Sarah Glover ni orúkọ rẹ̀, ọmọ àlùfáà ní ìlú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a bí ní 1786. Ó fẹ́ kí orin ìjọ dára sí i, kí àwọn ọmọ tí ó ń kọ́ sì lè kọrin láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fi ọdún gbọọrọ kọ́ àmì orí ìlà márùn-ún, ó sì tẹ ìwé ọ̀nà tirẹ̀ jáde ní 1835. John Curwen, oníwàásù, ni ó mú un níbẹ̀ tí ó tún un tò, tí ó sì sọ ọ́ di ohun tí àwọn míṣọ́nnárì gbé dé Áfíríkà. Torí náà, sọ́fà kì í ṣe oúnjẹ àjẹkù. Nítorí kí orin má bàa jẹ́ ti àwọn díẹ̀ nìkan ni a ṣe dá a sílẹ̀, títí di òní sì ni àwọn ẹgbẹ́ akọrin ní Nàìjíríà ń fi í kọ́ orin Handel.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀bi kò sí lọ́dọ̀ akọrin rárá. Ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí máa ń lọ́ ọ̀rọ̀ lọ́rùn, tí ọkọ á fi di ọkọ́, tí igbá á sì di ìgbà. Bí àwọn ọmọdé bá rẹ́rìn-ín, ẹni tí ó dá orin á rò pé òun ni. T. K. Ekundayo Phillips, tí ó jẹ́ atẹdùùrù ní Kàtídírà Kristi ní Marina, l'Ékòó, láti 1914 di 1962, kọ ìwé lórí orin Yorùbá tí ó jáde ní 1953, ó sì tẹnu mọ́ ọn níbẹ̀ pé ohùn orin ní láti bá ohùn ọ̀rọ̀ rìn.

Ó wá ku ẹ̀yin tí ẹ wà lórí àga. Míkálì kò kọrin lọ́jọ́ náà, kò sì jó. Ojú fèrèsé ni ó wà. Fóònù tí a gbé sókè, ìgbúnwọ́ tí a fi gún ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ìwé orin tí a fi bo ẹ̀rín, akọrin ń rí gbogbo rẹ̀ láti ibi tí ó dúró sí, nítorí àwa ni ó kọjú sí. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ìjọ gan-an ni àtúnṣe wà. Bí ohùn ẹni tí ó dá orin bá já, tí gbogbo ìjọ sì gbé orin náà lọ́gán, kò ní pẹ́ tí òun náà yóò fi rí èémí mí, tí yóò sì bá wọn dé òpin ẹsẹ náà.

Ìpàdé Ẹgbẹ́ Obìnrin tiwa náà lè ṣe ohun tí ìsìn ọjọ́ ìsinmi kò lè ṣe. Àwa obìnrin nìkan ni a máa ń wà níbẹ̀, a kì í sì í pọ̀ tó ìjọ. Kí a jẹ́ kí ẹni tí ó ń ṣiyèméjì máa dá orin níbẹ̀, ẹyọ kan lọ́sẹ̀ kan, kí ó tó tún dúró níwájú ìjọ. Kí akọ̀wé sì máa fún un ní orin náà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ó lè mú sọ́fà rẹ̀ lọ sílé.