Ìtọ́jú Àwọn Òbí Wa Tó Ti Dàgbà: Kí Ni Òṣùwọ̀n Rẹ̀?



Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń sọ ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn, ṣùgbọ́n tí a kò fẹ́ sọ ní gbangba. Ọ̀rọ̀ náà nìyí: bí òbí ẹni bá dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè wẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́, tí ọmọ sì wà ní ìdálẹ̀ nídìí òwò tàbí nídìí iṣẹ́ ìjọba, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ọmọ náà fi òbí rẹ̀ sí ilé tí wọ́n ti ń gba owó láti tọ́jú àwọn arúgbó? Bí ó bá sì fi í síbẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ìtọ́jú ibẹ̀ dára? Ìbéèrè méjì ni. Ariwo ni àwọn ènìyàn fi ń dá èkíní lóhùn. Èkejì ni wọn kì í bèèrè. Lójú tèmi, èkejì ni ó wúwo jù.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a wà ní Port Harcourt yìí gan-an. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn ènìyàn wa ti ń wá sí ìlú èbúté yìí wá ṣòwò, wá ṣiṣẹ́. Àwọn kan wà ní ọjà Mile One, àwọn kan wà ní Diobu, àwọn kan ní Trans-Amadi, àwọn mìíràn sì jókòó nídìí tábìlì ní ọ́fíìsì ìjọba. Ṣùgbọ́n ìyá wa wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá wa wà ní Ìjẹ̀bú, ìyá ọkọ wa wà ní Ìlá. Ìrìn-àjò odidi ọjọ́ kan ni ó wà láàárín ọwọ́ wa àti ara wọn. Owó ni a ń fi ránṣẹ́. Ojú wa kò bá owó náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú ara mi rí. Arákùnrin kan bẹ̀ mí kí n bá òun lọ wo ìyá òun ní ilé ìtọ́jú kan ní apá ilẹ̀ Yorùbá. Ilé náà dára lójú. Wọ́n tẹ́ táìlì síbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìnkùlé, tẹlifíṣọ̀n ńlá wà ní pálọ̀, ẹni tó ń bójú tó ibẹ̀ sì fi àwọn ìwé wọn hàn wá, gbogbo rẹ̀ wà létòlétò. Arákùnrin mi ń yin Ọlọ́run. Nígbà tí a wọ yàrá, a bá ìyá lórí ibùsùn, aṣọ rẹ̀ mọ́, wọ́n sì ti di irun rẹ̀. Ife omi rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó kún dé ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá ògiri ni tábìlì náà wà, ọwọ́ ìyá kò sì lè tó o. Mo bi í pé, "Ìyá, ṣé òùngbẹ ń gbẹ yín ni?" Ó ní, "Ọmọ mi, láti àárọ̀ ni mo ti ń wò ó." Mo gbé ife náà fún un, ó sì mu ún tán láìdánudúró.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, arákùnrin mi bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Èmi kò lè bá a bú wọn, nítorí ọkàn mi ti ń bá mi wí. Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà kò kú sí ilé ìtọ́jú kankan. Ilé wa ló kú sí, láàárín àwọn ẹbí rẹ̀, èmi sì ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù láìyẹ̀. Mo máa ń yangàn pé àwa kò jẹ́ ṣe bí òyìnbó. Ìgbà tí mo délé fún ìsìnkú ni ọmọdébìnrin tó ń sùn tì í sọ fún mi pé egbò wà ní ẹ̀yìn màmá fún oṣù mẹ́ta, nítorí pé kò sí ẹni tó ń yí i padà lórí ẹní. N kò bèèrè rí. Mo ń bèèrè bóyá owó dé. N kò bèèrè ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a fi bíbú sílẹ̀ díẹ̀, kí a wá òṣùwọ̀n.

Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Avedis Donabedian. Ìlú Beirut ni a bí i sí ní ọdún 1919. Dókítà ni, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1966 ó kọ̀wé lórí bí a ṣe lè wọn ìtọ́jú aláìsàn, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà kò sì tíì yé lò ó títí di òní. Ó ní ibi mẹ́ta ni ènìyàn lè wò. Èkíní ni ohun tó wà nílẹ̀: ilé, ibùsùn, oògùn, iye òṣìṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́. Èkejì ni ohun tí wọ́n ń ṣe: bóyá wọ́n ń fún aláìsàn ní oògùn lákòókò, bóyá wọ́n ń yí i padà, bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta ni ohun tó ti ibẹ̀ jáde: bóyá ara rẹ̀ yá sí i, bóyá egbò rẹ̀ jinná, bóyá ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ẹ fi èyí wo ilé tí a lọ. Ní ti èkíní, ilé náà yege: ife wà, omi wà, tábìlì wà. Ní ti èkejì, ó kùnà, nítorí kò sí ẹni tó gbé ife sún mọ́ ọwọ́ ìyá. Ní ti ẹ̀kẹta, òùngbẹ gbẹ ẹ́. Ẹ wá fi wo ilé tèmi náà. Owó wà, ẹbí wà, orúkọ rere wà. Egbò ni ó ti ibẹ̀ jáde. Òṣùwọ̀n kan náà ni ó dá wa lẹ́bi.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ìbéèrè kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn bàbá wa ní, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ inú ilé tí òkété yóò ti mu ún. Ohun tó ń fẹ́ ni kí ọmú dé ẹnu. Kì í sì í ṣe ìlú òyìnbó nìkan ni irú ilé bẹ́ẹ̀ wà. Ìjọba ní tirẹ̀ ní Yábàá ní Èkó, ìjọ Kátólíìkì sì ní Regina Mundi ní Múṣin.

Àwọn kan yóò ní Ìwé Mímọ́ lòdì sí i. Ẹ jẹ́ kí a wò ó. Nínú Ìhìn Rere Máàkù orí keje, Olúwa bá àwọn Farisí wí, nítorí wọ́n ń kọ́ ènìyàn láti pe ohun tó yẹ kí ó fi ran òbí rẹ̀ lọ́wọ́ ní ọrẹ Ọlọ́run, kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ẹrù náà. Ẹ̀sìn ni wọ́n fi bo ẹ̀ṣẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Olúwa kan náà, nígbà tó wà lórí àgbélébùú, tí kò lè tọ́jú ìyá rẹ̀ mọ́, fi í lé ọmọ-ẹ̀yìn tó fẹ́ràn lọ́wọ́, ìyẹn sì mú un lọ sí ilé ara rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ni ó yàn, ó sì sọ wọ́n di ìyá àti ọmọ. Fífi òbí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a fi í lé ẹni tí a kò mọ̀ lọ́wọ́, kí a sì yíjú kúrò, ìbáà jẹ́ ilé ìtọ́jú, ìbáà jẹ́ ilé ẹ̀gbọ́n wa.

Ẹlòmíràn yóò ní ìjọba ni ó yẹ kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ kan tí wọ́n ń pè ní Care Quality Commission bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2009. Ohun márùn-ún ni wọ́n ń bèèrè nípa ilé ìtọ́jú: ṣé ewu kò sí níbẹ̀? Ṣé ìtọ́jú náà ń ṣe ànfààní? Ṣé àánú wà nínú rẹ̀? Ṣé wọ́n ń tẹ́tí sí ohun tí olúkúlùkù nílò? Ṣé àwọn tó ń darí ibẹ̀ mọ ìdarí? Wọ́n a sì kéde ipò tí ilé kọ̀ọ̀kan wà kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀. Ní tiwa, Òfin Ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 16, dárúkọ ìtọ́jú àwọn arúgbó àti owó ìfẹ̀yìntì mọ́ ohun tó yẹ kí ìjọba pèsè. Ṣùgbọ́n abala 6 òfin kan náà kò jẹ́ kí a lè pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Òfin tó dá National Senior Citizens Centre sílẹ̀ náà ti jáde. Ẹ jẹ́ kí a máa gbàdúrà fún wọn, kí a sì máa rán wọn létí. Síbẹ̀, wolé-wolé tó wá lónìí kò lè mọ ibi tí ife omi yóò wà lọ́la.

Ohun kan tún wà tó ń tan ènìyàn jẹ. Ilé kan lè wà tí àgbà kankan kì í ṣubú níbẹ̀, nítorí pé wọn kì í jẹ́ kí wọ́n dìde. Bí a bá ka iye àwọn tó ṣubú nìkan, a ó ní ilé náà dára. Nítorí irú èyí ni òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1987 ṣe sọ pé a kò gbọdọ̀ de arúgbó mọ́lẹ̀ tàbí kí a fi oògùn mú un dákẹ́ nítorí ìrọ̀rùn àwọn òṣìṣẹ́. Bàbá tó ti fi àádọ́ta ọdún jí lọ sí oko kò lè jókòó sójú kan láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí a sì ní a ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń mú un jáde sí oòrùn àárọ̀.

Kí ni kí a wá ṣe? Mo ní ìmọ̀ràn márùn-ún.

Èkíní, ẹ lọ láìsọ tẹ́lẹ̀, ní àkókò oúnjẹ tàbí ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, nígbà tí ọ̀gá kò sí níbẹ̀.

Èkejì, ara ni kí ẹ wò, ẹ má wo ògiri. Ẹ wo gìgísẹ̀ àti ẹ̀yìn, ẹ wo ètè bóyá ó gbẹ, ẹ wo aṣọ bóyá ó ti di gbàgẹ̀rẹ̀ lọ́rùn. Ẹ bèèrè ẹni tó ń yí i padà lóru.

Ẹ̀kẹta, ẹ bi òbí yín léèrè nígbà tí ẹ bá ku ẹ̀yin nìkan. Bí kò bá rántí nǹkan mọ́, ẹ wo ojú rẹ̀ bí òṣìṣẹ́ bá wọlé. Bí ojú rẹ̀ bá là, ó ti dáhùn. Bí ara rẹ̀ bá súnkì, ó ti dáhùn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ bèèrè nípa òṣìṣẹ́ náà. Arúgbó mélòó ni ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan? Ṣé wọ́n ń san owó oṣù rẹ̀ déédéé? Jákọ́bù Àpọ́sítélì kìlọ̀ pé owó alágbàṣe tí a kò san a máa ké dé etí Ọlọ́run. Láti oṣù February ọdún 2022 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà fún àwọn olùtọ́jú láti òkè òkun, títí wọ́n fi tì í ní July 2025. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni ó sì gba ibẹ̀ lọ. Ọmọ wa ń wẹ ìyá ẹlòmíràn ní Leeds. Ọmọ ẹlòmíràn ń wẹ ìyá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n bu ọ̀wọ̀ fún ọmọ wa lọ́hùn-ún, kí àwa náà yéé pe ọmọ ẹlòmíràn ní ọmọ ọ̀dọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí a jẹ́ ojú fún ara wa. Bí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ yìí bá ń lọ sílé, ní Kérésìmesì tàbí fún ìnáwó, kí ó gba orúkọ òbí ẹni mìíràn dání, kí ó dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ó sì padà wá jíṣẹ́ ohun tó rí, kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ fún un nìkan. Kò ná wa ju wákàtí kan lọ.

Nígbà tí Donabedian fúnra rẹ̀ ń ṣàìsàn tó pa á ní ọdún 2000, ó di ẹni tí wọ́n ń tọ́jú. Lẹ́yìn gbogbo òṣùwọ̀n tó ti kọ́ ayé, ohun tó sọ ni pé ìfẹ́ ni àṣírí gbogbo rẹ̀. Kò fi ìyẹn pa òṣùwọ̀n rẹ̀ rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìyá rẹ̀ ni yóò bèèrè ibi tí wọ́n gbé ife omi sí.

Olúwa wa ṣèlérí pé ẹni tó bá fún ọ̀kan nínú àwọn kékeré wọ̀nyí ní ife omi tútù kò ní pàdánù èrè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé fífún ni ó sọ, kì í ṣe gbígbé kalẹ̀.

Kí Ọlọ́run dá àwọn òbí wa sí fún wa, kí ó sì ṣí wa lójú sí wọn. Àmín.