Ìbàlẹ̀ Ọkàn Lórí Àga Oníṣègùn Eyín



Ẹni tí eyín kò dùn rí lóru ni yóò rẹ́rìn-ín sí àkọlé yìí. Ẹni tí ó ti dùn rí mọ̀ pé oru bẹ́ẹ̀ kì í mọ́ bọ̀rọ̀. Olúwa rẹ̀ yóò jókòó sí etí ibùsùn, yóò fi ọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò máa gbọ́ ìró ọkọ̀ ojú irin bí ó ti ń kọjá ní Àgège, gbogbo ará ilé yóò sì máa sùn bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, ọkùnrin kan nínú ìjọ wa dúró dè mí lẹ́yìn Mísà. Iṣẹ́ alẹ́ ni ó ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún wú. Ó ní, “Fáda, ẹ bá mi gbàdúrà.” Mo gbàdúrà fún un, lẹ́yìn náà ni mo bi í léèrè ìgbà tí eyín náà ti ń dùn ún. Láti ìgbà Àwẹ̀ ni. Ó ti fi ògógóró yọ ẹnu, ó ti fi omi iyọ̀ yọ ọ́, ó ti ra oògùn lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á nínú bọ́ọ̀sì. Ẹnìkan tilẹ̀ ti gbà á nímọ̀ràn pé kí ó kán omi bátìrì sí ihò eyín náà. A dúpẹ́ pé kò gbọ́ tirẹ̀. Mo ní èéṣe tí kò fi lọ sí ilé ìwòsàn? Ó ní owó ojúmọ́ ni òun ń gbà, ọjọ́ tí òun kò bá lè ṣiṣẹ́, kò sí owó. Òótọ́ ni èyí, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè wa yìí mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, ó wo ilẹ̀, ó ní, “Fáda, ẹ̀rù ni ó ń bà mí.” Kì í ṣe nínú ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni ó ti sọ èyí, ó sì gbà kí n kọ ọ́ síhìn-ín láì dárúkọ òun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn eyín ńláńlá tí ó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu. Búrẹ́dì Àgège, tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó rọ̀, di ohun tí mo ń fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹ. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń wí pé n ó lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Nínú oṣù méjì náà ni mo wàásù lórí bí Olúwa wa ti bá ìjì wí lórí òkun, tí mo sì bi ìjọ léèrè ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń bẹ̀rù. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìwàásù náà, ẹ forí jì mí.

Nígbà tí mo dé orí àga náà, tí a dà á sẹ́yìn, tí mo sì ń wo iná tí ó wà lókè mi, ọwọ́ mi méjèèjì di apá àga mú gírígírí. Mo fẹ́ gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti yà sílẹ̀. Owú wà níbẹ̀, irin wà níbẹ̀, ọ̀pá tí ń fa itọ́ sì ń kùn létí mi. Èmi tí ó jẹ́ pé ẹnu ni mo fi ń ṣiṣẹ́, n kò lè ka Baba Wa kan ṣoṣo. Àní nínú ọkàn pàápàá, gbogbo àdúrà gígùn tí mo mọ̀ ti fò lọ. Orúkọ Jésù nìkan ni ó kù. Bí mo bá ti mí sínú, mo pè é; bí mo bá ti mí síta, mo sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ni mo wà. Ẹ má retí kí n wí pé ẹ̀rù náà lọ lójú kan náà. Kò lọ. Ó jókòó tì mí títí iṣẹ́ fi parí, ṣùgbọ́n kò pàṣẹ fún mi mọ́.

Níbẹ̀ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà Gẹtisémánì ti yé mi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Olúwa wa kò díbọ́n pé ìrora kò jẹ́ nǹkan kan. Òógùn bò ó bí ẹ̀jẹ̀, ó sì bẹ Baba rẹ̀ pé kí ó mú ife náà kúrò bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀. Áńgẹ́lì tí ó wá kò gbé ife náà lọ; agbára ni ó fún un. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ pàdé àwọn tí ó wá mú un. Ẹni tí ó bá ń làágùn lórí àga oníṣègùn kò tíì sẹ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀.

Àwọn kan ń bẹ tí wọ́n rò pé Kristẹni tòótọ́ kò yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́ tí ń mú kí ẹran eyín kú, nítorí pé ní Gọ́lgọ́tà Olúwa wa kọ ọtí tí a po mọ́ òjíá. A ti bi Ìjọ ní ìbéèrè yìí gan-an, Ìjọ sì ti dáhùn. Ní ọjọ́ 24 oṣù Èrèlé, ọdún 1957, Póòpù Píọ́sì Kejìlá bá àwọn dókítà sọ̀rọ̀ ní Róòmù lórí ìbéèrè tí àwọn oníṣègùn apàmọ̀lára ilẹ̀ Ítálì fi ránṣẹ́ sí i. Ó ṣàlàyé pé kò sí òfin tí ó ní kí Kristẹni kọ oògùn tí ń dín ìrora kù. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìrora rẹ̀ rúbọ pẹ̀lú ti Krístì lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a kò fi í ṣe dandan fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ gba abẹ́rẹ́ yín pẹ̀lú ọpẹ́. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn abẹ́rẹ́, àti oró ọjọ́ kejì, pọ̀ tó fún ẹni tí ó bá fẹ́ ní ohun tí yóò fi rúbọ.

Ìjọ tún ní ẹni mímọ́ kan tí àwọn tí eyín ń dùn máa ń ké pè, ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí sì ni ó ti jáde wá: Àpólóníà Mímọ́ ti Alẹkisáńdríà ní Íjíbítì. Ní nǹkan bí ọdún 249, àwọn ará ìlú náà dìde sí àwọn Kristẹni. Wọ́n mú obìnrin àgbàlagbà náà, wọ́n gbá a ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí gbogbo eyín rẹ̀ fi kán. Wọ́n dá iná síwájú ìlú, wọ́n ní àwọn yóò sun ún bí kò bá sọ ọ̀rọ̀ òdì. Kò sọ ọ́. Inú iná náà ni ó kú sí. Dìónísíù, tí í ṣe bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdríà nígbà náà, ni ó kọ ìtàn rẹ̀ ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù. Ọjọ́ 9 oṣù Èrèlé ni a ń ṣe ìrántí rẹ̀, àwọn ayàwòrán a sì máa fi ẹ̀mú tí ó di eyín kan mú sí i lọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tá ni ó kan ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tí ń wá ìlera wa ni ó ń kan tiwa. Síbẹ̀ n kò rò pé yóò fi ẹni tí ó bẹ̀rù abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ará, kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ihò eyín tí a kò tọ́jú lè gba ọyún sí gbòǹgbò; ọyún náà lè ràn dé abẹ́ àgbọ̀n àti ọrùn, kí ó sì dí ọ̀nà èémí. Ó ti pa ènìyàn rí. Ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá wú, tí ara rẹ̀ gbóná, tàbí tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, kí ó má ṣe dúró de ọjọ́ Àìkú kí n tó gbàdúrà fún un. Ilé ìwòsàn ńlá ti Ìkẹjà, èyí tí a sọ di ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ gíga ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2001, ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín. Ọlọ́run tí a ń ké pè ni ó fún àwọn oníṣègùn ní ọgbọ́n ọwọ́ wọn.

Ní ọjọ́ Ajé, èmi àti ọkùnrin náà jọ lọ. Wọ́n fún un ní oògùn tí yóò jẹ́ kí wíwú náà lọ sílẹ̀, wọ́n sì ní kí ó padà wá ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yìí kí a yọ eyín náà. Mo ti ṣèlérí pé n ó wà níta pẹ̀lú Rósárì mi. Ó bi mí bóyá wọn yóò gbà kí òun mú tòun wọlé. Mo ní wọ́n gbà fún mi. Kí ó sáà fi í sí ọwọ́ òsì, kí ọwọ́ ọ̀tún lè ṣófo láti fi ṣe àmì fún dókítà bí ó bá dùn ún.