Irúgbìn àti Ilẹ̀



Gbogbo wa la mọ òwe afúnrúgbìn: irúgbìn bọ́ síbi púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló gbà á. Ní ọdún 1889, oníṣẹ́-abẹ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Stephen Paget, yẹ àkọsílẹ̀ nípa àwọn obìnrin 735 tí jẹjẹrẹ ọyàn pa wò. Ó rí i pé àrùn náà dàbí irúgbìn: ilẹ̀ tó bá gbà á ló ti ń hù.

Egungun, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ ló sábà máa ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ó lè lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí: inú ẹyinjú, inú ikùn, àní awọ orí pàápàá. Ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tàbí ogún tí a ti rò pé ó ti tán.

Níbẹ̀ ni ìdààmú ti ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Bí ojú ìyá kan bá ń ṣú, tí oúnjẹ kò gba inú rẹ̀ mọ́, a ó ní àrùn tó ń ṣí kiri báyìí, ọwọ́ ayé ni. A ó máa fura sí ìyá ọkọ àti aládùúgbò. Owó ìtọ́jú a sì lọ sọ́dọ̀ àwọn aríran. Ará, ẹ má jẹ́ kí a fi ẹ̀sùn èké kún àìsàn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń tajà ní Jos fún ọgbọ̀n ọdún, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ ọyàn tó dé inú ojú, ti ọyàn náà ni, oògùn ti ọyàn ni a sì fi ń bá a jà. Lóòótọ́, bí ó bá ti tàn báyìí, a kì í sábà lè lé e lọ pátápátá. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú lè dá a dúró fún ìgbà kan, kí ó dín ìrora kù, kí ó sì fi ọjọ́ kún ọjọ́.

Nítorí náà, arábìnrin tó bá ti ní i rí, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, kí ó sọ ọ́ fún dókítà tó ń wo ojú tàbí inú rẹ̀. Bí ìjọba bá ṣí wa nípò lọ sí ìlú mìíràn, kí ìwé ilé ìwòsàn kọ́kọ́ wọ inú ẹrù wa. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ tẹ̀ lé aya yín lọ. Obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ jìyà fún ọdún 12, síbẹ̀ ojú kò tì í láti sọ gbogbo òtítọ́ níwájú èrò.

Kí Olúwa fún wa ní ìgboyà láti sọ̀rọ̀, àti ìfẹ́ láti gbé ẹrù ara wa. Àmín.