Kí Ni Òfin Wà Fún?

  

Àwọn ọmọ kéékèèké ni ó fa ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Ní agbègbè Fìdítì àti Ìlọrà níbí, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí à ń kọ́ ní kéú ti máa ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ kan a bi wọ́n pé: “Kí ló dé tí ìlú fi ń ní òfin?” Ọmọ kan ní: “Kí wọ́n má baà nà wá ni.” Èkejì ní: “Kí ọlọ́pàá má baà mú èèyàn.” Ẹ̀kẹta ní: “Kí Ọlọ́hun má baà fi wá sínú iná.”

Àwọn ìdáhùn yìí kì í ṣe irọ́, àmọ́ wọ́n bà wá lẹ́rù. Nínú gbogbo àwọn ọmọ náà, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ó dárúkọ ọmọnìkejì rẹ̀. Ìyà tí yóò jẹ òun nìkan ni kálukú ń rò. Ta ni ó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀? Àwa náà ni.

Òfin tí pàṣán gbé ró

Ọmọ tí ó bá jẹ́ pé pàṣán nìkan ni ó fi mọ òfin, ibi tí ojú pàṣán dé ni òfin rẹ̀ dé. Kì í sì í ṣe ọmọdé nìkan. Àwọn òbí yín yóò rántí oṣù kẹta ọdún 1984, nígbà tí ìjọba ológun Muhammadu Buhari àti Tunde Idiagbon gbé ètò WAI dìde láti gbógun ti ìwà àìlétò. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní ibùdókọ̀ àti ní báńkì, nítorí pé sójà dúró tì wọ́n pẹ̀lú kòbókò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1985, àwọn ológun mìíràn gba ìjọba lọ́wọ́ wọn. Bí kòbókò ṣe kúrò nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìlà túká ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹsẹ̀ ni ó kọ́ bí a ṣe ń tò. Ọkàn kò bá a kọ́ ọ.

Ẹ wá wo òdì kejì rẹ̀. Láyé àwọn baba wa nílẹ̀ Yorùbá, àgbẹ̀ a máa pàtẹ iṣu tàbí èso sí ẹ̀bá ọ̀nà láìfi ẹnì kan ṣọ́ ọ. Òkúta wẹ́wẹ́ ni yóò kó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi sọ iye tí ó ń tà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á yóò ka òkúta, yóò fi owó sílẹ̀, yóò gbé ọjà, yóò sì máa lọ. Òótọ́ ni pé àwọn mìíràn ń fi ààlè dẹ́rù ba olè, èyí tí ẹ̀sìn wa kò fọwọ́ sí. Àmọ́ òkúta yàtọ̀ sí ààlè. Ààlè ń sọ pé, “Bí o bá fọwọ́ kàn án, wàá rí i.” Òkúta ń sọ pé, “Iye tí mo fẹ́ nìyí, mo mọ̀ pé ìwọ náà ní oko.” Ìbéèrè wa ni pé: èwo nínú méjèèjì ni à ń kọ́ àwọn ọmọ wa, ààlè ni àbí òkúta?

Ọlọ́hun ń sọ ìdí

Àwọn kan lè sọ pé ọmọdé kò tó ẹni tí à ń ṣàlàyé fún. Ẹ jẹ́ kí a wo Àlùkùráánì. Nígbà tí Ọlọ́hun ṣe ààwẹ̀ ní ọ̀ranyàn, Ó sọ ohun tí ó wà fún: kí a lè di olùbẹ̀rù Rẹ̀. Luqman kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ kí ó má ṣe ẹbọ sí Ọlọ́hun, ó sì sọ ìdí rẹ̀, pé àbòsí ńlá ni. Ó ní kí ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi bí igbe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ṣe burú létí tó ṣàlàyé fún un.

Ànábì wa pẹ̀lú ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Hasan, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ṣì kéré, ó mú dàbínù kan nínú dàbínù sàráà, ó sọ ọ́ sẹ́nu. Ànábì mú kí ó tu ú dà nù, ó sì sọ fún un pé àwọn ará ilé òun kì í jẹ sàráà. Bí ọmọ náà ti kéré tó, ó gbọ́ ìdí.

A kò sọ pé gbogbo òfin ni a mọ ìdí rẹ̀. Bí ọmọ bá bi wá pé kí ló dé tí ìrun Mọ̀ǹgàríbì fi jẹ́ ràkáà mẹ́ta, ìdáhùn wa ni pé Ọlọ́hun ló pa á láṣẹ, a gbọ́, a sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n òfin tí àwa èèyàn fọwọ́ ara wa ṣe, bí a kò bá lè sọ ìdí rẹ̀, ó yẹ kí a tún un wò.

Ọ̀rọ̀ búta

Ní ilé kéú kan tí a ti ń ṣiṣẹ́, búta márùn-ún ni ó wà fún àlùwàlá, àwọn ọmọ sì lé ní ogójì. Bí àkókò ìrun Àlásárì bá ti tó, ìjà dé. Àwọn tí ó tóbi á já búta gbà, omi á dà nù, àwọn kékeré á pẹ́ dé ibi ìrun. Ojoojúmọ́ ni à ń fi pàṣán là wọ́n, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń jà.

Ní ọjọ́ kan a gbé pàṣán tì, a ní kí kálukú sọ ohun tí ìjà náà ń ṣe fún un. Ọmọ tí ó kéré jù ní òun kì í bá ràkáà àkọ́kọ́. Ọmọbìnrin kan ní òun ni òun ń pọn omi tí wọ́n ń dà nù. Ọmọkùnrin tí ó lágbára jù, tí ó máa ń kọ́kọ́ gba búta, dákẹ́. Nígbà tí ó yá, ó ní òun kò mọ̀ pé òun ni ó ń pọn ọ́n. A wá ní kí wọ́n fúnra wọn ṣe òfin. Mẹ́ta ni wọ́n ṣe: kí a tò, kí àwọn kékeré ṣáájú, kí ẹni tí ó bá ṣe àlùwàlá tán bu omi sí búta fún ẹni tí ó kàn.

Òfin náà ń lọ déédéé títí di ọ̀sẹ̀ kejì. Ọ̀kan nínú àwa olùkọ́ ti ìrìn àjò dé, ó ń kánjú, ó na ọwọ́ sí búta tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ tí ó wà níwájú. Ọmọ náà kò ju ọdún mẹ́jọ lọ. Ó ní: “Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, a tò ni o.” Gbogbo wọn dákẹ́.

A kò ní purọ́ fún yín, inú bí wa. Àfojúdi ni a kà á sí, ọwọ́ wa sì ti ń wá pàṣán kiri kí a tó rántí ìtàn obìnrin Makhzuum. Ọmọ ìdílé ńlá ni, ó jalè, wọ́n sì rán Usama sí Ànábì pé kí ó bá wọn bẹ̀bẹ̀. Inú Ànábì kò dùn sí i. Ó ní ohun tí ó pa àwọn tí ó ṣáájú run ni pé wọ́n ń fi ẹni ńlá sílẹ̀, wọ́n ń fìyà jẹ aláìlágbára. Ó sì búra pé ì báà jẹ́ Fatima ọmọ òun ni ó jalè, òfin yóò mú un. Bí òfin bá lè mú Fatima, ta ni Àfáà tí òfin búta kò ní mú? Olùkọ́ náà lọ tò sẹ́yìn àwọn ọmọ.

Ẹni tí ó bá sọ ìdí òfin fún ọmọ ti fi òṣùwọ̀n lé e lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ni ọmọ náà yóò sì kọ́kọ́ fi wọ̀n. Bóyá ohun tí ó mú kí ọ̀pọ̀ wa fẹ́ràn pàṣán nìyẹn: pàṣán kì í bi ẹni tí ó mú un dání léèrè ọ̀rọ̀.

Bí ọmọ bá wá ní ìdí tirẹ̀ ńkọ́?

Ẹnì kan lè ní: “Bí ọmọ bá mọ ìdí òfin, kò ní pẹ́ sọ pé ìdí náà kò kan òun.” Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú hádíìsì tí Nu’man ọmọ Bashir gbà wá, tí Bukhari kọ sílẹ̀. Àwọn kan ṣẹ́ gègé lórí ọkọ̀ ojú omi, àwọn kan bọ́ sókè, àwọn kan bọ́ sísàlẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tòkè ni àwọn ti ìsàlẹ̀ ń gbà lọ fa omi. Wọ́n wá rò ó pé kí àwọn dá ihò lu ìsàlẹ̀ tiwọn, kí àwọn má baà máa yọ àwọn tòkè lẹ́nu. Ẹ kíyè sí i: èrò wọn kò burú, ibi tí wọ́n sì fẹ́ lu, tiwọn ni. Síbẹ̀ bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo ọkọ̀ ni yóò rì.

Fìdítì tí ayé mọ̀ mọ́ èso, ẹni tí ó bá da èèpo ọsàn sí gọ́tà iwájú ilé ara rẹ̀ níbẹ̀ lè rò pé ọ̀ràn òun nìkan ni. Bí òjò bá dé, ilé ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ni omi yóò wọ̀. Ìdí tí òfin fi wà nìyẹn: ojú ẹnì kan kò tó gbogbo ọkọ̀ rí. Ọmọ tí ó bá mọ èyí kò ní máa wá ìdí tí òfin kò fi kan òun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, láìpẹ́ ẹ ó di òbí àti olùkọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi òfin lé ọmọ lọ́wọ́, ẹ sọ ẹni tí òfin náà ń ṣọ́ fún un. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé Ọlọ́hun ń rí i níbi tí àwa kò sí. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin pẹ̀lú lọ tò sẹ́yìn ìlà.

Kí Ọlọ́hun fi wá mọ̀nà, kí Ó sì ṣe àwọn ọmọ wa ní ìtutù ojú fún wa. Àmín. Wasalaamu alaykum.