Irọ́ Tí A Pa fún Ẹyẹ

Bí ènìyàn bá tan ẹyẹ jẹ, ǹjẹ́ ó ti purọ́? Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má ṣe yára rẹ́rìn-ín. Èmi náà rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, títí di ọdún 2023, nígbà tí àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ń gbé ní Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, mú mi rin ìrìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún nínú ọkọ̀ kan tí ó ní ibùsùn, ibi ìdáná àti ilé ìwẹ̀ nínú. Àwọn òyìnbó tí ó ti fẹ̀yìn tì ni a máa ń bá pàdé jù nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń ti ibùdó kan bọ́ sí òmíràn bí Fúlàní darandaran, àfi pé wọn kò ní màlúù. Ẹyẹ àti ẹranko ìgbẹ́ ni a tìtorí rẹ̀ jáde. Ọkọ àbúrò mi ní awò tí ń mú ohun tí ó jìnnà súnmọ́ ojú, ó sì ní ìwé kékeré kan tí ó ń kọ orúkọ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan sí.

Ìwé kékeré yìí ni ó kọ́kọ́ gba ọkàn mi. Ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà, American Birding Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969, tí ó ṣe òfin fún irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ náà gbọ́dọ̀ wà láàyè, kí ó jẹ́ ẹyẹ ìgbẹ́, kí ó má sí nínú àgò tàbí lórí okùn. Bí o kò bá rí i, ṣùgbọ́n tí o gbọ́ ohùn rẹ̀ tí ó dá ọ lójú, o lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé o rú ìlànà ìwà ẹgbẹ́ náà kí o tó rí i, kò sí nínú iye. Ta ni yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò? Kò sí. Nínú igbó, ìwọ nìkan ni ẹlẹ́rìí, ìwọ náà ni akọ̀wé, ìwọ náà ni adájọ́. Àwa tí a jókòó lórí ẹní ní ilé kéú, tí wọ́n kọ́ wa pé kí a tó gba hádíìsì, kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó sọ ọ́ àti irú ènìyàn tí ó jẹ́, a mọ bí ẹrù yẹn ti wúwo tó.

Fóònù wá wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ohùn ẹyẹ tí o bá ń wá wà nínú fóònù báyìí. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, akọ ẹyẹ tí ó ń ṣọ́ ààlà rẹ̀ yóò gbọ́ ohùn akọ mìíràn, yóò rò pé ọ̀tá ni ó wọlé wá láti gba ilé àti abo òun. Yóò fi oúnjẹ sílẹ̀, yóò jáde wá jà. Ìwọ yóò rí i kedere. Òun kò ní rí ẹnikẹ́ni. Bóyá lẹ́ẹ̀kan kò ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n níbi tí àlejò ti ń rọ́ wá lójoojúmọ́, ẹyẹ kan náà ni gbogbo wọn ń pè jáde síjà. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ náà fi sọ pé kí a dín in kù, pàápàá fún ẹyẹ tí ó ṣọ̀wọ́n, tàbí níbi tí èrò ti ń pọ̀. Ní ọgbà Yellowstone, òfin kò gbà kí o hu bí ìkookò láti pe ìkookò.

Ní òpin oṣù kẹrin ni a dé Cave Creek Canyon, ní àwọn òkè Chiricahua ní ìpínlẹ̀ Arizona, tí kò jìnnà sí ààlà Mẹ́síkò. Ẹyẹ kan ń ti Mẹ́síkò wá síbẹ̀ lọ́dọọdún láti pamọ. Elegant trogon ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yìn akọ rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ikùn rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀, inú ihò tí ẹyẹ àkókó ti gbẹ́ sára igi ni abo rẹ̀ ń yé sí. Ní apá kan àfonífojì náà tí wọ́n ń pè ní South Fork, òfin wà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ gbé ohùn ẹyẹ jáde. A mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó wọlé.

Ọjọ́ méjì ni a fi gbọ́ ohùn rẹ̀, ohùn tí ó há bí ti ọ̀pọ̀lọ́, tí a kò rí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ọjọ́ tí a ó kúrò níbẹ̀, ọkọ àbúrò mi yọ fóònù rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà jíjìn ni ẹ ti wá. Ẹ kò lè lọ láìrí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré.”

Ó ń wo ojú mi. Èmi tí mo ti fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má purọ́, n kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo gbé awò sójú.

Ẹyẹ náà dé. Ó bà sórí ẹ̀ka tí kò ju ogún ẹsẹ̀ bàtà lọ sí wa. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ké, ó fò sí ẹ̀ka mìíràn, ó tún ké. Ó ń wá ẹni tí ó pè é níjà. Lẹ́yìn tí fóònù ti dákẹ́ pẹ́, ó ṣì ń wá a. Ẹwà rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, ṣùgbọ́n wíwá tí ó ń wá ọ̀tá tí kò sí yẹn ni mo rántí jù.

Bí a ti ń padà bọ̀, a bá ìyá àgbà òyìnbó kan lórí àpótí, ìwé lórí itan rẹ̀. Láti ìdájí ni ó ti jókòó síbẹ̀. Ó béèrè bóyá a rí i. Mo ní a rí i. Ó ní kí ni ó ń ṣe? Mo ní ó ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, ó ń ké. Inú rẹ̀ dùn, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago àti ibi tí a ti rí i. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ ni ó jẹ́ òótọ́, ohun tí ó sì wọ inú ìwé rẹ̀ kì í ṣe òótọ́.

Ọkọ àbúrò mi kì í ṣe ènìyàn búburú, ó sì ní ìdáhùn. Ó ní àwọn tí ó gbọ́ èdè ara wọn ni irọ́ wà láàárín wọn. Ẹyẹ kò bá wa dá májẹ̀mú kankan. Ère tí a fi àkísà ṣe, tí a ń rì mọ́ oko ìrẹsì nílé ńkọ́? N kò lè sọ pé kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Èmi fúnra mi lé ẹyẹ lóko ìrẹsì ní kékeré, mo ṣe ère, mo wọ̀ ọ́ ní fìlà bàbá mi, mo sì jẹ ẹgba lórí fìlà náà. Ọdẹ pẹ̀lú a máa sín ohùn ẹran jẹ kí ẹran lè jáde. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ń gba oúnjẹ rẹ̀ lẹ́nu ẹyẹ ni, ọdẹ sì ń wá ohun tí yóò sè. Kò sí èyí tí ó sọ nínú wọn pé ìfẹ́ ẹyẹ tàbí ti ẹran ni ó gbé òun dé igbó. Àwa ni a sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀tàn kan tún wà tí ó ṣòro fún mi láti dá lẹ́jọ́. Ní Aransas, ní etí òkun Texas, a ti kọ́kọ́ rí ẹyẹ funfun ńlá kan, whooping crane, tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Ní 1941, bíi 15 péré ni ó kù nínú agbo tí ń wá síbẹ̀. Lónìí wọ́n ti lé ní 500. Láti 2001, àwọn kan ní Wisconsin, níbi tí wọ́n ti fẹ́ dá agbo mìíràn sílẹ̀, ń fi aṣọ funfun bo ara wọn láti òkè délẹ̀, wọ́n ń fi ère orí ẹyẹ tí wọ́n kì bọ ọwọ́ bọ́ ọmọ rẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbé ohùn ìyá ẹyẹ jáde, kí ọmọ náà má baà mọ ènìyàn ní òbí. Wọ́n wá fi ọkọ̀ òfúrufú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣáájú wọn lọ sí Florida. Ẹ̀tàn ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí àǹfààní ẹyẹ nìkan. Síbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ẹranko pinnu láti dá ọkọ̀ òfúrufú náà dúró, nítorí àwọn ẹyẹ tí a tọ́ bẹ́ẹ̀ ń yé, wọ́n ń pa, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ọmọ tí ń là lọ́wọ́ wọn. N kò lè dá àwọn aláṣọ funfun yẹn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n n kò lè fara pamọ́ sẹ́yìn wọn.

Ìtàn kan wà tí àwọn ọmọ ilé kéú mọ̀, tí a máa ń sọ mọ́ Ìmáàmù Bukhari. Ó rin ọ̀nà jíjìn lọ gba hádíìsì lọ́wọ́ ọkùnrin kan, ó bá a tí ó ń fi aṣọ tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ pe ẹran rẹ̀, bí ẹni pé oúnjẹ ni ó dì síbẹ̀. Ó yí padà, kò gba ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu rẹ̀. Mo ti sọ ìtàn yẹn fún àwọn ọmọ láìmọye ìgbà, ìhà ti Ìmáàmù ni mo sì máa ń dúró sí nígbà tí mo bá ń sọ ọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà nínú ọkọ̀, mo sọ fún ọkọ àbúrò mi pé kí ó fa igi lé orúkọ ẹyẹ náà. Kò bínú. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fi hàn mí. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní tí a ti gbọ́ ohùn rẹ̀ ni ó ti kọ ọ́ sílẹ̀, bí òfin ti gbà á láàyè. Ohun tí a ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta kò fi ẹyọ kan kún iye rẹ̀, kò sì sí ohun tí a ó fa igi lé. Ìwé ìyá àgbà nì nìkan ni ó kù, n kò sì béèrè orúkọ rẹ̀.